Ilé Kékeré Tí Ń Tẹ̀ Lé Ọkọ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá tó rékọjá òkun tó sì rí ṣe, ilé ni ẹnu wa kọ́kọ́ máa ń lọ sí: ilé tó kọ́ sí ìlú tí wọ́n ti bí i, ilé tó rà ní ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, iye yàrá tó wà níbẹ̀, iye ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ gbà, àwọn tó sì ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun tó burú, nítorí àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ilé làbọ̀ sinmi oko, ẹni tí kò bá sì ní ibi tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ sí lẹ́yìn làálàá ọjọ́, òwò rẹ̀ kò tíì lérè. Èmi náà ní ilé ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè. Ṣùgbọ́n ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò ga ju èjìká mi lọ. Kò ní ìpìlẹ̀, kò ní òpó, kò ní àjà. Orí táyà méjì ló dúró lé, ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré tí mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ ni a sì ń so ó mọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yún wa. Àlòkù ni mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti fi rìn káàkiri ṣáájú mi, inú mi sì dùn sí i ju bí inú mi ti dùn sí ọ̀pọ̀ nǹkan tó wọ́n jù ú lọ.

Teardrop ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí iwájú rẹ̀ yí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń rọra tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kán omijé. Fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, gígùn rẹ̀ a sì máa tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ibùsùn ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀, kò tún sí ohun mìíràn tó jọ yàrá: ènìyàn kì í nàró níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni à ń gbà wọlé, à ń jókòó, à ń dùbúlẹ̀, ó parí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é wà, nítorí ìdérí ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ń gbé sókè, bí a bá sì ti gbé e, ilé ìdáná odindi a yọ síta, pẹ̀lú àyè sítóòfù, àyè àwo, àyè iyọ̀ àti ata, ìdérí náà yóò sì di òrùlé lórí ẹni tó ń dáná, kí òjò má baà pa á, kí oòrùn má baà mú un lórí.

Kì í ṣe ohun àná. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ayé lágara, ni àwọn ìwé ìròyìn tó ń kọ́ ọkùnrin níṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, kí ẹni tó ní ayùn àti òòlù lè kàn án fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ Kit Manufacturing ní California ń tà á fún àwọn tí kò lè kàn án. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ìwé ìròyìn Mechanix Illustrated tún gbé àwòrán tí Hi Sibley ṣe jáde, àwọn ènìyàn sì ń lo àwòrán náà di òní. Nígbà tó yá, tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà di kìnnìún, tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lè fa ilé tó ní balùwẹ̀ àti yàrá ìjókòó, ojú wá ti ilé kékeré yìí. Ayé ọkọ̀ kékeré àti epo ọ̀wọ́n ló dá a padà.

Nígbà tí mo mú tèmi dé, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, rìn yí i ká, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan táyà rẹ̀, ó ní: “Àjàní, ṣé ahéré lo tún wá fowó rà ní ìlú òyìnbó? Nítorí kí ẹ má baà sun ahéré mọ́ la ṣe rán yín nílé ìwé.” Mo ní: “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Kò fi mí ṣẹ̀sín, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó ti jí ní oko kòkó ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ẹ̀fọn ti jẹ òru rẹ̀ mọ́jú, kò lè tètè yé e kí ni ọmọ rẹ̀ ń wá lọ sí igbó tí òun náwó kí ọmọ náà lè sá kúrò níbẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà náà, ibi tí ìrònú mi sì já sí ni mo fẹ́ sọ: pé nínú gbogbo ilé tí mo ti wọ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fi ọkọ̀ fà yìí ló súnmọ́ ilé tí a bí mi sí jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wí bó ṣe rí. Ní agbo ilé bàbá mi ní Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, yàrá jẹ́ ibi tóóró tó ṣókùnkùn, ẹní kan, àpótí kan, okùn tí a fi aṣọ kọ́, ó tán níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó sí yàrá lọ́sàn-án. Oorun, àṣírí àti àìsàn ni yàrá wà fún, bí ọmọdé bá sì wọlé lọ tí kò tètè jáde, ìyá rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ìta ni ayé wà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá ti ń gba àlejò, tí ó ti ń parí ìjà, àgbàlá ni a ti ń sá ẹ̀gẹ́, tí a ti ń dirun, tí a ti ń pàlọ́, ìdí ààrò wà ní ẹ̀yìnkùlé, òórùn ọbẹ̀ a sì máa sọ fún gbogbo ìdílé pé ẹni báyìí ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá kéré nítorí àgbàlá tóbi. Nísinsìnyí, ní ilé tí mo ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù ní Houston, yàrá tóbi, àgbàlá kò sí ẹni tó ń bá a dọ́rẹ̀ẹ́; ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, ilẹ̀kùn wà ní títì, ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, ọjọ́ Sátidé lè ṣú kí a tó jọ rí ojú ara wa, kì í sì í ṣe pé a ń bínú sí ara wa. Ilé kékeré yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ń lé ènìyàn síta, nítorí kò sí ohun tí a lè ṣe nínú rẹ̀ bí kò ṣe kí a tún sùn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun yóò lọ sí ẹ̀yìn, ẹni tó bá fẹ́ jókòó yóò gbé àga síta, àwọn ọmọ tí àgọ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sì ní ilẹ̀kùn tí wọn yóò tì mọ́ wa.

Ìyẹn ni mo rí rà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rírà rẹ̀, ilé la sì ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ọkọ̀ ni ènìyàn ń wò kí ó tó ra ohun tí yóò fà. Subaru Crosstrek ni tèmi. Ìwé tó bá a wá láti iléeṣẹ́ sọ pé kò gbọdọ̀ fa ju 1,500 pọ́ùn lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí 680 kìlógíráàmù, àti pé ìwúwo tó bá tẹ orí ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà kò gbọdọ̀ kọjá 150 pọ́ùn. Àwọn ọkọ̀ kékeré mìíràn wà tí ìwé wọn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n má fa ohunkóhun rárá, Honda Fit jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jazz, wọ́n fún un láyè láti fa ẹrù; nítorí náà, ìwé ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni kí ó kà, kí ó má ṣe gbọ́ ti ẹni tó sọ pé òun ti rí i rí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra èyí tó tóbi díẹ̀ sí i, kí n sì pààrọ̀ ọkọ̀ bí agbára rẹ̀ kò bá ká a; èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ẹni tó bá pààrọ̀ ọkọ̀ nítorí ilé ìgbafẹ́ ti sọ ìgbafẹ́ di gbèsè.

Ìwúwo nìkan kọ́ ni ọ̀ràn, bí a ti pín ìwúwo náà ni olórí rẹ̀. Nínú gbogbo ìwúwo ilé àfàlẹ́yìn, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí ó tẹ orí ìkọ́. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn táyà jù, tí orí rẹ̀ sì fúyẹ́, yóò máa ju ìdí sọ́tùn-ún, yóò máa jù ú sósì lórí eré, yóò sì máa fẹ́ yí ọkọ̀ tó ń fà á po. Ẹni tí èyí bá sì bá lójú ọ̀nà kì í tẹ bíréèkì lójijì, ńṣe ni yóò di sítíárì mú gírígírí, tí yóò jẹ́ kí eré rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa ní balùwẹ̀ síta, mo fi ègé igi lé e lórí, mo sì sọ̀ orí irin ilé náà kalẹ̀ lé igi náà. Nǹkan bí 1,100 pọ́ùn ni gbogbo rẹ̀ tí a bá di ẹrù sínú rẹ̀ tán, ojú òṣùwọ̀n sì dúró sí 105, kò tó. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju 8 pọ́ùn lọ, kẹ́ẹ̀gì omi wa sì gba márùn-ún; ìyá àwọn ọmọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì náà kúrò ní ilé ìdáná lẹ́yìn, ó gbé e wá sí ibi ẹsẹ̀ ibùsùn níwájú, ojú òṣùwọ̀n rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 130, ó dúró. Kò sí ẹni tó fi kún ẹrù, kò sí ẹni tó yọ nínú rẹ̀, ààyè omi nìkan ló yí padà.

Ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní àríwá Houston, ni mo ti rà á, mo sì fẹ́ sọ bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Omi ni ọ̀tá ilé àfàlẹ́yìn. Òde rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n pákó ló wà lábẹ́ rẹ̀, omi a sì máa yọ́ wọ ibi tí alumíníọ̀mù ti pàdé ara wọn, a máa gba etí fèrèsé òrùlé wọlé, a máa gba ìsàlẹ̀ ìdérí ẹ̀yìn wọlé, a máa jẹ pákó náà lọ́dún méjì lọ́dún mẹ́ta láìjẹ́ pé òde yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ká ibùsùn kúrò, yóò fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo igun, ìdí ilẹ̀kùn, àbẹ́ fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ìdérí. Pákó tó yè a dá ọwọ́ padà, èyí tó ti rà a gba ọwọ́ wọlé. Yóò tún ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, yóò gbóòórùn. Bàbá náà kò dúró kí n bẹ òun: ó fa rọ́bà omi láti ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó ní kí n wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí orí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja, ariwo omi bò mí lórí, mo ń fi iná tọ ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka gba etí fèrèsé òrùlé. Ìka mi gbẹ.

Táyà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú rẹ̀ kò tíì jẹ, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní tuntun ni. Ṣùgbọ́n lára táyà ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, tó jẹ́ pé bí a bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni. Táyà ilé àfàlẹ́yìn kì í sábà jẹ tán kí ó tó bàjẹ́, nítorí ìdúró rẹ̀ pọ̀ ju ìrìn rẹ̀ lọ. Oòrùn ni í gbẹ ẹ́, bí ó bá sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ló dára. A gbé e sókè lórí jáàkì, mo fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́tí sí i bóyá yóò ké, mo di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, mo mì í bóyá yóò yẹ̀. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo béèrè ìgbà tí wọ́n fi gíríìsì sí i kẹ́yìn, bàbá náà wọlé, ó mú ìwé kékeré kan jáde tí etí rẹ̀ ti ká, tí ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́ tó fi gíríìsì sí i, ọjọ́ tó pààrọ̀ rọ́bà ìdérí, ọjọ́ tó tún okùn iná so, funfun fún ilẹ̀, búráùn fún iná ẹ̀yìn, yẹ́lò fún ọwọ́ òsì, àwọ̀ ewé fún ọwọ́ ọ̀tún. Àwa tí a dàgbà sí ìdí ọjà mọ bí a ti ń nájà, mo sì ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Dọ́là 5,000 ló dá lé e. Owó táyà méjì nìkan ni mo ní kí ó yọ, ó yọ ọ́, mo sì san ìyókù, nítorí ẹni tó bá kọ ìtọ́jú nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ta òtítọ́ mọ́ ọjà rẹ̀, kò sì yẹ kí a gba òtítọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà ní ẹ̀dínwó. A fi nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé, ó bọwọ́ lùwé, kí 30 ọjọ́ tí òfin Texas fún ẹni tó bá ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó pé ni ìwé ti wà ní orúkọ mi.

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Mo ti so orí irin mọ́ ìkọ́, mo ti gbé ẹ̀wọ̀n méjèèjì kọjá ara wọn lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè gbà á bí orí bá yọ, ọ̀nà àríwá ni a sì dojú kọ, lọ sí ọgbà ìjọba tó wà ní Huntsville, nǹkan bí 70 máìlì sí Houston. Igi páìnì ló kún ibẹ̀, adágún kan sì wà láàárín rẹ̀ tí à ń pè ní Lake Raven, tí ọ̀nì ń gbé inú rẹ̀. Ọgbà yìí ní ìtàn tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀. Ní ayé ààrẹ Roosevelt, láti 1933 sí 1942, ìjọba gba àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ àti àwọn tó ti jagun rí sínú ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Civilian Conservation Corps, wọ́n sì kọ́ ọgbà káàkiri orílẹ̀-èdè; àwọn tó kọ́ ti Huntsville jẹ́ adúláwọ̀, àwọn ọkùnrin tó ti sin Amẹ́ríkà lójú ogun. Wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n gbé òkúta, wọ́n dí odò kí adágún lè wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ayé ìgbà náà, ọgbà ìjọba ní Texas kì í ṣe ibi tí ìdílé adúláwọ̀ lè wọ̀ bó ṣe wù ú kí ó sùn mọ́jú.

Àsìkò kan náà ni. Ní ọdún 1936, nígbà tí àwọn kan ń kan ilé teardrop ní ẹ̀yìnkùlé wọn fún ìgbafẹ́, ni Victor Hugo Green, adúláwọ̀ kan tó ń pín lẹ́tà, tó ń gbé ní Harlem ní New York, bẹ̀rẹ̀ ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Green Book, tó ń sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò gbà wọ́n, ilé oúnjẹ tí yóò tà fún wọn, àti ilé epo tí wọ́n lè yà sí láìsí ìyọnu. Ìwé náà ń jáde títí ó fi kọjá ọdún 1964, nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn fagi lé irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló sun inú ọkọ̀ wọn ní etí ọ̀nà, kì í ṣe nítorí àìlówó. Èmi tí mo ti Iléṣà wá, tí mo fi káàdì sanwó, tí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà fi ẹ̀rín fún mi ní ìwé ibùdó mi, orí iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni mo gbé ilé mi lé, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tí a bá kọjá odi tó dí adágún náà, bí wọ́n tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tán.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí a lọ síbẹ̀. Ilé onípákó tí ìjọba ń yá àlejò nínú ọgbà náà ni a gbà fún wọn láti sùn, nítorí eegun àgbà kò fẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi wá síbi tí a wà, wọ́n pe oríkì mi, wọ́n pe ti ìyàwó mi, wọ́n bẹ ojú wo ibùsùn wa, wọn kò sọ nǹkan kan nípa kíkéré rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n lọ. Wọ́n gbé ìdérí sókè, wọ́n wo ibi iyọ̀, wọ́n wo ibi ata, wọ́n béèrè ibi tí epo pupa wà, wọ́n sì jókòó sórí àpótí oúnjẹ, ẹ̀yìn wọn sí táyà, ojú wọn sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, wọ́n ń kí wọn ní Ìjẹ̀ṣà, àwọn ènìyàn náà sì ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí iná tàn, wọ́n wo bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe, wọ́n ní kí ìyàwó mi sún sítóòfù náà sí ọwọ́ òsì, nítorí ọ̀dọ̀ adágún ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.